Ọ̀rọ̀ Tí Mo Kọ Sẹ́yìn Ọkọ̀ Ọlọ́kọ̀

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń bi mí pé irú iṣẹ́ wo ni kí ẹ kọ́, ẹ fara balẹ̀ kí ẹ gbọ́. Iṣẹ́ tí mo fi gbogbo ayé mi ṣe ti kógbá sílé, nítorí náà n kò ní í tan ẹnikẹ́ni pé kó wá ṣe é. Lẹ́tà ni mo ń kọ sára ọkọ̀. Kí sítíkà tó dé, kí kọ̀ǹpútà tó máa gé lẹ́tà bí ẹni ń gé búrẹ́dì, ọwọ́ àwa ni gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹ bá rí lára bọ́ọ̀sì àti lára lọ́rì ti ń jáde. Àtíìsì ni wọ́n ń pè wá ní Musin. Ẹ má rò pé mo fẹ́ máa yin ara mi o. Ibi tí ìtàn yìí ń lọ, ìtìjú ni, ìtìjú mi sì ni.

Bàbá mi ló fà mí lé Ọ̀gá Akínọlá lọ́wọ́, ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí àwọn káfíńtà ti ń kan ara bọ́lẹ̀kájà, bọ́ọ̀sì onípákó ayé ìgbà yẹn. Bí wọ́n ṣe gbà mí kò gùn: bàbá mi bẹ̀bẹ̀, Ọ̀gá wò mí látòkè délẹ̀, ó ní kí n wá lọ́jọ́ Ajé. Ó parí.

Ọ̀gá ga, ó tín-ín-rín, kì í pariwo. Ẹni tó bá ní ọ̀gá tó ń pariwo, kó máa dúpẹ́. Tèmi, ó kàn máa dúró sẹ́yìn rẹ ni, á máa mí. Fún ìgbà pípẹ́, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan búrọ́ọ̀ṣì. Okùn tí a fi ẹfun pa ni mo ń ta sára pákó kí ìlà lè tọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ní kí n máa fi èédú kọ lẹ́tà O. O nìkan! Kí n kọ ọ́, kí n fọ̀ ọ́ dànù, kí n tún un kọ. Bó bá wọ́ díẹ̀, Ọ̀gá á bi mí pé, “Gàníyù, ṣé lẹ́tà yìí mutí ni?” Bí mo bá rẹ́rìn-ín, ó ní ọ̀pá tínrín kan tí a fi aṣọ wé lórí, tí a fi ń gbọ́wọ́ lé kí ọwọ́ má baà gbọ̀n. Ọ̀pá yẹn ló máa fi kan eegun ìka mi. Ó ń dùn mí wọra.

Àmọ́ kì í ṣe lẹ́tà nìkan ló kọ́ mi. Ó kọ́ mi ní òfin iṣẹ́ wa, gbogbo àtíìsì Musin ló sì mọ̀ ọ́n. Iwájú ọkọ̀, ti ọlọ́kọ̀ ni. Òun ló ń sọ ohun tí a máa kọ síbẹ̀. Ẹ̀yìn ọkọ̀, ti dírẹ́bà ni. Ẹni tó ń jí tó ń sùn pẹ̀lú ọkọ̀, ó yẹ kí òun náà ní ibi tí yóò ti sọ tinú rẹ̀, ọlọ́kọ̀ kì í sì í bi í. Igun ìsàlẹ̀, ibi tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ti àtíìsì ni. Orúkọ wa àti àdúgbò wa la máa ń kọ síbẹ̀.

“Ọ̀rọ̀ ẹnu ẹlòmíràn là ń bá a fọwọ́ kọ,” Ọ̀gá máa ń sọ bẹ́ẹ̀. “Ẹnu tìrẹ, gbé e délé. Ohun tó bá sì ti ọwọ́ rẹ jáde, kọ orúkọ rẹ sí i. Ọ̀rọ̀ tí kò ní orúkọ, ọmọ àlè ọ̀rọ̀ ni.”

Mo ṣe fírídọ́ọ̀mù, n kò sì kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọwọ́ mi ti tọ́. Ẹnu mi ni kò tọ́. Láràárọ̀, mo máa ń yà lọ́dọ̀ àwọn oníwèé ìròyìn ní Ojú Ẹlẹ́gbà, mo máa ń dúró ka ìwé ìròyìn láìrà á, àwa tí à ń ṣe bẹ́ẹ̀ pọ̀ rẹpẹtẹ. Bí mo bá dé ṣọ́ọ̀bù, àwọn káfíńtà ò ní gbádùn mọ́. Mo bú ìjọba ológun, mo bú àwọn olówó, mo bú lánlọ́ọ̀dù. Àwọn káfíńtà á máa kígbe pé, “Gàní lọ́yà!” Orí mi á wú. Ọ̀gá nìkan ni kì í rẹ́rìn-ín. Ó máa ń ní, “Gàníyù, ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́ o.” Mo rò pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ tèmi ló ń bá wí.

Dírẹ́bà kan wà tó ń jẹ́ Làsísì, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Ó jù mí lọ, Bọ̀dá Làsísì ni mo ń pè é. Kò lọ iléèwé, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí ọkọ̀ máa dún tí kò ní mọ ohun tó ń ṣe é. Bọ́lẹ̀kájà Alàájì kan ló ń wà, Alàájì tó jẹ́ pé bí ẹ bá ka ọkọ̀ tó ń wá kun ọ̀dà lọ́dọ̀ wa, tiẹ̀ ló pọ̀ jù. Kí ilẹ̀ tó mọ́, Làsísì ti wà lójú títì. Oòrùn ti jẹ ẹ̀yìn gbogbo ẹ̀wù rẹ̀ di funfun. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, bó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, ó máa kọ́kọ́ wolẹ̀.

Ogun abẹ́lé ti parí bí ọdún mélòó kan nígbà náà, ìjọba ológun wá fi kún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Gbogbo Èkó gbóná. Ọjà wọ́n, lánlọ́ọ̀dù fowó kún owó ilé, àwọn tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba ò sì rí nǹkan kan gbà. Làsísì sọ fún mi pé òun bẹ Alàájì pé kó wo òun ṣe. Alàájì ní, “Ṣé èmi ni ìjọba ni?”

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ọkọ̀ náà wá kun ọ̀dà. Ọ̀gá lọ síbi ìsìnkú nílùú wọn, èmi nìkan ló wà ní ṣọ́ọ̀bù. Alàájì ti fi ohun tí a máa kọ síwájú ránṣẹ́: Ọlá Ọlọ́run. Mo kọ ọ́ tán, mo bi Làsísì pé kí ni kí n kọ sẹ́yìn.

“Kọ èyí tó bá wù ọ́, Gàní,” ó ní. “Ìwọ lo mọ̀wé.” Ó bá tirẹ̀ lọ jẹun.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ibẹ̀ ni mo ti kọsẹ̀. Àwọn dírẹ́bà máa ń fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún wa bẹ́ẹ̀, a ó sì kọ Má Fòyà tàbí Ìwà Lẹ́wà, ayé á máa lọ. Àmọ́ ẹnu ń yún mi. Gbogbo ohun tí mo ti kà lọ́wọ́ àwọn oníwèé ìròyìn dì mọ́ mi láyà. Mo gbé búrọ́ọ̀ṣì, mo fi ọ̀dà pupa kọ òwe tí gbogbo wa mọ̀ láti kékeré sórí àwọ̀ ìyeyè: ÒṢÌṢẸ́ WÀ LÓÒRÙN, ẸNI TÓ MÁA JẸ Ẹ́ WÀ NÍBÒÒJI. Mo kọ ọ́ gbàgàdà. N kò kọ lẹ́tà tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí, n kò sì kọ irú rẹ̀ mọ́.

Mo wá dé igun ìsàlẹ̀. Ọwọ́ mi dúró. Mo rántí Alàájì. Mo fọ búrọ́ọ̀ṣì mi, mo gbé e kọ́.

Nígbà tí Làsísì dé, ó ní, “Háà, ó mà rẹwà o! Kí lo kọ?”

“Òwe ni, Bọ̀dá mi.”

“Òwe dáa.” Ó tẹ̀ síwájú, ó nàka sí igun ìsàlẹ̀. Kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó mọ ohun tó máa ń wà níbẹ̀. “Orúkọ tìẹ ńkọ́?”

“Ọ̀dà pupa ló tán,” ni mo wí. Agolo ọ̀dà pupa wà lẹ́sẹ̀ mi níbẹ̀, ó kún dé ìdajì.

Kò pẹ́ tí àwọn èrò fi kà á fún un. Ó padà wá bá mi, mo rò pé ìjà dé. Ẹ̀rín ló ń rín.

“Gàní, ìwọ èèyànkéèyàn yìí! Ní Ojú Ẹlẹ́gbà, obìnrin kan kà á sókè, gbogbo ọkọ̀ pariwo yè! Wọ́n ní dírẹ́bà wa gbọ́n.”

“Ṣé kí n pa á rẹ́, Bọ̀dá mi?”

“Pa kí ni rẹ́?” Ojú rẹ̀ yí padà, ó wolẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe. “Ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi, ó ti pẹ́. Ẹnu mi ni kò gbé e. Jẹ́ kó wà níbẹ̀. Àmọ́ o, bí wọ́n bá béèrè, àwa méjèèjì la jọ sọ ọ́.”

“Àwa méjèèjì ni,” mo dá a lóhùn. Mo tún bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ọwọ́ yìí náà ni.

Ọ̀rọ̀ kì í gbélé. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kí Alàájì ní mọ́sáláṣí pé, “Alàájì, ẹ kú ibòòji o!” Ó kọ́kọ́ rò pé wọ́n ń gbàdúrà fún un ni, ó ń ṣe àmín. Ìgbà tí ẹnì kan wá là á yé e, ẹ ò rí i pé ọ̀ràn dé.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, wọ́n kírun tán, Alàájì wọlé wá sí ṣọ́ọ̀bù wa nínú agbádá funfun, ó ní kí Làsísì gbé ọkọ̀ náà wá tẹ̀lé òun. Ọ̀gá ti dé láti ìlú. Àwọn káfíńtà ju òòlù sílẹ̀.

“Akínọlá,” Alàájì ní, “ta ló kọ ìsọkúsọ yìí sára ọkọ̀ mi?”

Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀, ó wo igun ìsàlẹ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀ kó tó nàró. Ó wá kọjú sí mi. “Gàníyù, mo mọ ọwọ́ ẹ. Ọ̀rọ̀ ta ni?”

Ẹ wo ẹnu tó ń bú ìjọba láràárọ̀! Ó gbẹ bí ẹ̀kọ àná. Mo rí Làsísì tó ń wò mí. Kò bínú, kò bẹ̀rù, ó ṣáà ń dúró kí n sọ apá tèmi kí òun náà lè sọ tiẹ̀. Mo tún rí agbádá Alàájì. Mo ro gbogbo ọkọ̀ rẹ̀ tí a ń kùn, mo ro ìyàwó mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ọkọ. Mo wolẹ̀.

“Ẹ̀yìn ọkọ̀, sà,” mo ní, “ti dírẹ́bà ni.”

Kò sẹ́ni tó lè ní irọ́ ni mo pa. Òfin iṣẹ́ ni mo kà. Áà! Ẹ dákun, ẹ má jẹ́ kí òfin iṣẹ́ yín di ibi tí ẹ ó máa sá pamọ́ sí.

Bí Làsísì bá ní òun ò mọ̀wé, pé èmi ló fọwọ́ ara mi yan ọ̀rọ̀, ì bá bọ́. Gbogbo ibẹ̀ ló mọ̀ pé kò mọ̀wé. Ó ṣí fìlà lórí.

“Òótọ́ ló sọ, Alàájì. Ọ̀rọ̀ mi ni. Ẹ jọ̀ọ́ sà, níbo ni irọ́ wà níbẹ̀?”

“Èmi lò ń bi léèrè?”

“Mo kàn béèrè ni, sà. Bí ẹ bá lè fẹnu ara yín sọ pé irọ́ ni, kí Gàní pa á rẹ́ báyìí.”

Káfíńtà àgbà kan sáré síwájú. “Ẹ ṣe sùúrù, Alàájì. Làsísì, dọ̀bálẹ̀, jàre! Ní kí wọ́n má bínú.”

Làsísì dọ̀bálẹ̀ gbalaja, nítorí àgbà ni Alàájì. Ó ní, “Ẹ má bínú, sà.” Ó dìde. “Àmọ́ òótọ́ ni.”

Alàájì nawọ́. “Mú kọ́kọ́rọ́ mi wá. Ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, kó lọ ra ọkọ̀ tiẹ̀.”

Bí iṣẹ́ ṣe bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Alàájì wá yíjú sí mi, ó ní kí n pa ọ̀rọ̀ yẹn rẹ́ lójú òun, kí n sì kọ A Dúpẹ́, Alàájì síbẹ̀. Mo pa á rẹ́. Làsísì kò lọ, ó fara ti ògiri, ó ń wò mí. Mo kọ ọ́ tán, mo fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, mo gbọ́ ohùn Ọ̀gá lẹ́yìn mi, jẹ́jẹ́.

“Igun ìsàlẹ̀ ṣófo, Gàníyù. Kọ orúkọ ẹ sí i.”

Ọ̀rọ̀ tó ti inú mi wá, n kò forúkọ sí i. Ìpọ́nni tí n kò gbà gbọ́, orúkọ mi wà lábẹ́ rẹ̀ gàdàgbà, ó ń lọ káàkiri láti Musin dé Yábàá. Bí mo bá rí ọkọ̀ yẹn lọ́ọ̀ọ́kán, mo máa ń yà sí kọ̀rọ̀. Àwọn àgbà ní ikú yá ju ẹ̀sín. Mo wà láàyè ṣá o.

Nígbà tí gbogbo wọn lọ tán, Ọ̀gá bi mí lẹ́ẹ̀kan sí i. “Ọ̀rọ̀ ta ni?”

“Tèmi ni, sà.”

“Mo ti mọ̀ kí n tó béèrè. Mo fẹ́ kí o fẹnu ara ẹ sọ ọ́ ni.” Ó jókòó sórí agolo ọ̀dà, n kò rí i kó jókòó síbi iṣẹ́ rí. “Èmi náà mọ̀, mo dákẹ́, torí ọkọ̀ Alàájì ló ń bọ́ wa. Má wojú mi. Ojú ń ti èmi náà.”

Mo lọ sílé Làsísì ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó. Mo ti to ọ̀rọ̀ tí mo máa sọ láti ilé. Ìyàwó rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Ó kúnlẹ̀. “Bọ̀dá Gàní, ẹ kú àdúrótì o. Ọkọ mi ní ẹ̀yin nìkan lọ̀rẹ́ òun níbẹ̀.” Làsísì kò tíì sọ fún un! Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo tò tú mọ́ mi nínú. Mo ní mo kàn yà kí wọn ni, mo sì padà. Àwọn ọlọ́kọ̀ yòókù ò gbà á síṣẹ́. Wọ́n ní dírẹ́bà tó ń bú ọ̀gá ni.

Ọdún ń gorí ọdún. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gé lẹ́tà sí páálí, a ó gbé páálí lé ara ọkọ̀, a ó fín ọ̀dà sí i, ó parí. Ẹni tí kò mọ O kọ náà di àtíìsì. Ọ̀gá kórìíra rẹ̀, ó ní lẹ́tà yẹn ò lẹ́mìí. Èmi fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ mọ ìdí? Lẹ́tà orí páálí, kò sẹ́ni tó lè dá ọwọ́ rẹ̀ mọ̀.

Ọjọ́ kan ni mo gbọ́ táyà ọmọlanke lẹ́nu ọ̀nà. Làsísì ni. Ó ti gbẹ, àmọ́ ẹ̀rín rẹ̀ ò yàtọ̀.

“Gàní! Alàájì ní kí n ra ọkọ̀ tèmi. Òun nìyí o!” Ó gbá ẹ̀gbẹ́ ọmọlanke náà. “Iwájú, tèmi. Ẹ̀yìn, tèmi. Kò sẹ́ni tó máa gba kọ́kọ́rọ́. Kọ ọ̀rọ̀ wa yẹn sí i.”

Ó pè é ní ọ̀rọ̀ wa. N kò lo páálí. Mo wá búrọ́ọ̀ṣì mi àtijọ́, mo ta okùn, mo kọ ọ́ bí Ọ̀gá ṣe kọ́ mi. N kò gba kọ́bọ̀. Nígbà tó gbẹ, Làsísì bẹ̀rẹ̀, ó ń fi ìka tẹ̀lé lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ń kà á! Ó ti lọ sí iléèwé ẹ̀kọ́ àgbà. Ó ní láti ọjọ́ yẹn lòún ti pinnu pé òun ò ní gbé ọ̀rọ̀ tí òun ò lè kà kiri mọ́. Ìka rẹ̀ rìn títí dé òpin, ó sì sọ̀ kalẹ̀ sí igun. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

“Gàní,” ó ní, “ṣé ọ̀dà tún ti tán ni?”

Ó ń rántí! Láti ọjọ́ yẹn! Bóyá kò tilẹ̀ gbà mí gbọ́ rí.

“Bọ̀dá mi,” mo ní, “Alàájì ṣì ń kó ọkọ̀ wá síbí. Ẹ jẹ́ kó di ìgbà mìíràn.”

Ó wò mí. Ó di ọmọlanke rẹ̀ mú. “Ó dáa, kò burú,” ó sì tì í lọ. Ká ní ó gbá mi létí ni, ì bá sàn fún mi. Ìgbà mìíràn yẹn ò dé. Nígbà tí mo fi wá gbọ́, wọ́n ní ó ti padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, lẹ́yìn náà wọ́n ní ó ti kú.

Ọ̀gá náà ti lọ. Sítíkà dé, mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo wá fẹ̀yìn ti ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó níhìn-ín, kò jìnnà sílé Làsísì tí mo ti sá kúrò lẹ́nu ọ̀nà yẹn. Ẹ̀yin ọmọ ń sọ fún mi pé ẹ ó sọ̀rọ̀, pé ayé ti là. Ẹ sọ ọ́. Ẹnu ni a fi í jẹ́ ọkùnrin, ẹnu náà la fi í jẹ́ obìnrin. Àmọ́ ẹ wò ó dáadáa bóyá orí ọkọ̀ yín ni ẹ kọ ọ́ sí, tàbí orí ọkọ̀ ẹni tí wọ́n máa gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Iṣẹ́ yòówù tí ẹ bá sì kọ́, bí wọ́n bá bi yín pé ọ̀rọ̀ ta ni, ẹ má ka òfin fún wọn.

Ọ̀dà ò tán lọ́jọ́ náà. Kò tán lọ́jọ́ kejì náà. Ẹ jẹ́ kí n wá lò ó báyìí.

Òṣìṣẹ́ wà lóòrùn, ẹni tó máa jẹ ẹ́ wà níbòòji. Èmi ni mo sọ ọ́.

Gàníyù Àkànbí, Àtíìsì, Musin.